Ọ̀gá Tó Sọ Àìsí Omi Di Omisinmi

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ka ìtàn yìí, ẹ kọ́kọ́ jókòó dáadáa, nítorí pé ọkùnrin tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í fẹ́ kí ènìyàn gbọ́ orúkọ òun lórí ìdúró. Ọ̀gá Àgbà Ilé-iṣẹ́ Omi ni. Oyè tó fún ara rẹ̀ gùn débi pé nígbà tí wọ́n ń kọ ọ́ sára ilẹ̀kùn ọ́fíìsì rẹ̀, ilẹ̀kùn tán. Wọ́n kọ ọ́ dé ara ògiri, wọ́n fo fèrèsé, wọ́n sì parí rẹ̀ sára ilẹ̀kùn ilé ìgbọ̀nsẹ̀. "Alágbẹ̀dẹ Ọ̀rọ̀" ló bọ́ sí ìparí, ìyẹn ni pé ẹni tí ìtọ̀ bá ń gbọ̀n nìkan ló ń ka ibi tó dùn jù níbẹ̀.

Kí ni alágbẹ̀dẹ wá dé ilé-iṣẹ́ omi? Ìbéèrè gidi lẹ bi yẹn. Àwọn tó bi í kó tó di pé ẹ bi í, ẹ ó gbọ́ ibi tí wọ́n wà.

Báyìí ló ṣe bẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, páìpù ńlá kan bẹ́ níwájú ọ́fíìsì. Omi gba gbogbo títì. Aránbàtà tó ń jókòó lódìkejì sáré wọlé, bàtà oníbàárà kan ṣoṣo lọ́wọ́ rẹ̀. Ìkejì ti bá omi lọ.

"Ọ̀gá, páìpù yín ti bẹ́ o!"

Ọ̀gá dìde, ó lọ sójú fèrèsé, ó wo omi, ó di ojú rẹ̀ méjèèjì. Ó pẹ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn kan sọ pé àwọn gbọ́ tó ń hanrun, ṣùgbọ́n ẹ̀tàn ni. Ó ń ronú ni. Lẹ́yìn náà ló la ojú, ó na ìka sókè.

"Ìṣàn ni mo rí," ló wí. "Ìbùkún sì ni. Ẹ̀yin ènìyàn mi, èyí kì í ṣe páìpù tó bẹ́. Ìṣànbùkún ni!"

Akọ̀wé Àgbà, ọkùnrin tó jẹ́ pé ìpàtẹ́wọ́ ni iṣẹ́ rẹ̀ gan-an, pàtẹ́wọ́ títí aago ọwọ́ rẹ̀ fi já bọ́. "Ọ̀gá! Ẹ rọra o! Ọgbọ́n yìí ti fẹ́ pa wá!"

Wọ́n ṣí fáìlì, wọ́n kọ "ìṣànbùkún" sí i, wọ́n pa á dé. Ọ̀rọ̀ parí. Ẹ wò ó bó ṣe rọrùn tó. Ẹni tó bá fẹ́ tún páìpù ṣe ní láti wá ṣọ́bìrì, páìpù tuntun àti ọkùnrin mẹ́fà. Ẹni tó bá fẹ́ yí orúkọ rẹ̀ padà kò nílò ju ẹnu lọ, Ọ̀gá sì ní ẹnu. Páìpù yẹn ṣì ń ṣàn di báyìí. Bàtà kejì náà kò tíì dé.

Láti ọjọ́ náà ni Ọ̀gá kò ti ṣe iṣẹ́ mìíràn mọ́. Yóò mú ọ̀rọ̀ méjì tí wọn kò bá ara wọn jà rí, yóò fi ọ̀kan lu èkejì títí wọn yóò fi lẹ̀ pọ̀ láìfẹ́. Omi tó ń jáde pupa bí ẹrẹ̀ di ẹrẹ̀wúrà. Títò tí àwọn obìnrin ń tò sídìí ẹ̀rọ láti àárọ̀ di ìtòyọ̀. Pípẹ́ tí òun fúnra rẹ̀ ń pẹ́ kó tó dé ibi iṣẹ́ di ìpẹ́níyì. Ẹni tó bá sì dé ní aago mẹ́jọ, aláìníyì ni. Oorun tó ń sùn lórí tábìlì di ìsùnrò. Ẹni tó bá wá fẹjọ́ sùn, wọn kò ní gbà pé ẹjọ́ ló mú wá, ẹ̀sùnkíni ni. Ó kàn wá kí Ọ̀gá ni. Bí ẹ̀rọ bá sì gbẹ pátápátá? Háà, ibẹ̀ ni Ọ̀gá ti fi agbára hàn.

"Omi kì í tán," ló wí. "Ó ń sinmi ni. Ẹ̀yin náà kì í sinmi ni? Omisinmi!"

Akọ̀wé Àgbà sunkún lọ́jọ́ yẹn.

Wọ́n kó gbogbo ọ̀rọ̀ náà jọ sínú ìwé kan tí wọ́n ń pè ní Ìwé Ńlá, Ọ̀gá sì ṣe òfin méjì. Èkínní: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ nǹkan kan nílé-iṣẹ́ omi bí kò bá sí nínú Ìwé Ńlá. Èkejì: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ béèrè ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ kankan lọ́wọ́ Ọ̀gá, nítorí pé ẹni tó bá béèrè ń sọ pé kò yé òun, bí kò bá sì yé e, a jẹ́ pé ẹ̀bi ta ni? Akọ̀wé kan béèrè. Wọ́n gbé e lọ máa ṣọ́ táǹkì gbígbẹ kan lẹ́yìn ìlú, kí olè má baà jí òfìfo inú rẹ̀.

Bí kò ti wá sí ọ̀rọ̀ búburú kankan mọ́ nínú Ìwé Ńlá, èsì kan ṣoṣo ló kù láti fún gbogbo ayé: ìwé ìkíni. Wọ́n ti tẹ ẹgbẹẹgbẹ̀rún rẹ̀ sílẹ̀, orúkọ Ọ̀gá wà nísàlẹ̀ rẹ̀, wọ́n tò ó jọ títí ó fi kan àjà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ dé nìyí tí Ìyá Alágbàfọ̀ fi wọlé.

Obìnrin yìí ń gbé ní àdúgbò ìsàlẹ̀, ọdún kọkànlá rèé tó ti ń fọ aṣọ ibùsùn ilé ìwòsàn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án ni ẹ̀rọ àdúgbò rẹ̀ ti gbẹ, láti ọjọ́ tí Ọ̀gá ti pàṣẹ pé kí wọ́n darí gbogbo omi sí orí òkè níbi tí òun ń gbé, nítorí omi kan tó ń fò sókè láàárín àgbàlá rẹ̀, tó ń fò lásán, tí kò sẹ́ni tó ń mu ún. Ìyá Alágbàfọ̀ ń fi korobá pọn omi láti odò tó jìnnà, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ènìyàn kì í ṣe páìpù. Aṣọ ibùsùn ti ga ju orí rẹ̀ lọ nínú yàrá. Lọ́jọ́ Ajé, olórí àwọn nọ́ọ̀sì ránṣẹ́ sí i pé àwọn aláìsàn ti ń sùn lórí fóòmù lásán, pé bí aṣọ mímọ́ kò bá dé ní ọjọ́ Ẹtì, àwọn yóò gbé iṣẹ́ náà fún ẹlòmíràn. Iṣẹ́ náà ló fi ń bọ́ ilé rẹ̀. Kò ní òmíràn.

Ó gba ọ́fíìsì lọ.

"Ẹ káàárọ̀ o. Omi ò sí ládùúgbò wa."

Akọ̀wé Àgbà wo ẹ̀yìn bí ẹni pé wọ́n bú baba rẹ̀. "Màmá, kí lẹ wí?"

"Mo ní omi ò sí."

"Ìyẹn ò sí nínú Ìwé Ńlá."

"Ọ̀rọ̀ ò sí nínú ìwé, omi ò sí nínú páìpù. Kí ló wá wà níbí gan-an?"

"Ẹ má bínú, Màmá. Omisinmi lẹ ní."

"Ó dáa, mo gbà. Mo ní omisinmi. Ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án ló ti ń sinmi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi jí i."

Akọ̀wé Àgbà rẹ́rìn-ín músẹ́, ó fa ìwé kan yọ láti orí òkìtì, ó sì kà á sókè gẹ́gẹ́ bí òfin ti wí: "'A bá yín yọ̀ fún omisinmi tó wọlé tọ̀ yín. Kí Ọlọ́run jẹ́ kó pẹ́ lọ́dọ̀ yín.'"

Ìyá Alágbàfọ̀ gba ìwé náà, ó yí i wò lẹ́yìn. Lẹ́yìn náà ló gbọ́ ohùn kan láti yàrá kejì, bí ìgbà tí wọ́n ń fi ayùn gé igi.

"Kí nìyẹn?"

"Ọ̀gá ni. Wọ́n wà nínú ìsùnrò."

"Ìyẹn náà wà nínú ìwé?"

"Ojú ìwé kejì, Màmá."

Nígbà tó délé, ó bá àbúrò ọkọ rẹ̀ lórí ìjókòó níwájú ilé. Ọkùnrin náà ló ń yí wíìlì ńlá tí wọ́n fi ń ṣí omi tí wọ́n sì fi ń tì í nílé-iṣẹ́ omi. Awíìlì ni gbogbo ènìyàn ń pè é. Bí ìyá yìí tilẹ̀ ti fi ọdún mẹ́jọ jù ú lọ, ọkọ rẹ̀ náà ni, torí inú ilé ọkọ ló bá a.

"Ọkọ mi," ló wí, "ṣé òmùgọ̀gá yín yẹn kì í jí ni?"

"Òmù kí ni?"

"Òmùgọ̀gá. Òmùgọ̀ ni, ó tún jẹ́ ọ̀gá. Ṣé òun nìkan ló mọ̀ ọ́n rọ ni?"

Awíìlì rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. "Ìyàwó wa, ẹ̀yin ni kí wọ́n fi joyè!"

"Ẹ̀rín kọ́. Ọjọ́ Ẹtì ń bọ̀. Ọwọ́ rẹ lo fi ń yí wíìlì yẹn, bá wa yí i."

"Láìsí ìwé? Ká tó ṣẹ́jú, èmi náà á ti lọ bá wọn ṣọ́ òfìfo. Ọ̀gá gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Wọn ò sì ní fọwọ́ sí ìwé tó bá ní kí omi kúrò lórí òkè."

"Bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ tí wọn ò gbọ́ rí ńkọ́? Ṣé wọ́n lè béèrè ìtumọ̀ ẹ̀?"

Awíìlì dìde kúrò lórí ìjókòó.

"Ìyàwó wa," ló wí, "ta ni wọ́n fẹ́ béèrè ẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀? Àwọn ni wọ́n ń rọ gbogbo ẹ̀."

Ìyá Alágbàfọ̀ jókòó ti òkìtì aṣọ rẹ̀. Ó mú "sọ̀kalẹ̀," ó mú "ọlá," ó fún wọn pọ̀ bí ẹni fún aṣọ, ó sì gbọ̀n wọ́n wò. "Ìsọ̀kalọ́lá," ló wí. "Ó dún bí nǹkan tó ga, àbí kò dún?"

"Ó dún bí ohun tí wọ́n máa ń fi sí ọrùn."

Lọ́jọ́ kejì, Ọ̀gá wà lórí ìdúró níwájú dígí. Alága Ìgbìmọ̀ tó ń ṣàkóso ilé-iṣẹ́ omi ń bọ̀ wá sílé rẹ̀ ní ọjọ́bọ̀, wọ́n sì ti sọ fún un pé àmì-ẹ̀yẹ lè wà níbẹ̀. Ó ń kọ́ ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́ rẹ̀ sórí.

"Ẹ̀yin ènìyàn pàtàkì-pàtàkì, ẹ̀yin ènìyàn pàtàkì díẹ̀, àti ẹ̀yin tó kàn wà níbẹ̀! Kí n tó wá sáyé, kí lẹ ń pe omi? Omi! Ẹ ò tijú? Akọ̀wé, ibi tí mo fi ìlà pupa sí nìyẹn. Sunkún."

"Mo ti ń sun ún, Ọ̀gá."

"Ohùn ò jáde tó."

Àárín ẹkún yìí ni Awíìlì wọlé, ó dọ̀bálẹ̀, ó na ìwé kan sókè láti ilẹ̀. Ọ̀gá kà á: *Mo pàṣẹ kí ìsọ̀kalọ́lá bẹ̀rẹ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́bọ̀.*

Ọ̀gá tún un kà. Kò rí ọ̀rọ̀ yìí rí láyé rẹ̀. Ó wo Akọ̀wé Àgbà. Akọ̀wé Àgbà wo àjà.

"Ìsọ̀kalọ́lá," Ọ̀gá rọra wí. "Ta ló... mo ní, ta ló tún rántí ọ̀rọ̀ yìí?"

"Ọ̀gá, ta ló lè gbàgbé ẹ̀?" Awíìlì dáhùn láti ilẹ̀. "Ọ̀rọ̀ tó wúwo báyìí, ta ló lápá ẹ̀ bí ò ṣe ẹ̀yin?"

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ wo ojú ọkùnrin yìí dáadáa. Ìbéèrè mẹ́ta péré ló lè gbà á là: kí ni, níbo, nítorí kí ni. Ọmọdé ọdún mẹ́rin ń béèrè wọn kó tó jẹun. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá béèrè ń jẹ́wọ́ pé nǹkan kan wà tí òun kò mọ̀.

"Ìsọ̀kalọ́lá!" Ọ̀gá kígbe. "Háà! Ọjọ́ tí mo rọ ọ́, òógùn bò mí!"

"Èmi ni mo nù ún, Ọ̀gá," Akọ̀wé Àgbà wí. "Aṣọ ìnujú yẹn, mo ṣì tọ́jú ẹ̀."

Ọ̀gá fọwọ́ sí i. Ó fi ìlà mẹ́ta sábẹ́ orúkọ rẹ̀.

Ọjọ́bọ̀ dé. Láago mẹ́jọ àárọ̀, Awíìlì gbé ìwé rẹ̀ kọ́ sára ògiri, ó tutọ́ sí ọwọ́ méjèèjì, ó yí wíìlì kan wá sí ọ̀tún, ó yí ìkejì lọ sí òsì. Omi kúrò lórí òkè, ó sọ̀ kalẹ̀ lọ́lá-lọ́lá.

Lákòókò náà, Ọ̀gá wà nínú ilé ìwẹ̀. Ọṣẹ mẹ́ta ló máa ń lò: ọ̀kan fún ìdọ̀tí, ọ̀kan fún òórùn dídùn, ìkẹta fún ìfòfò lásán, nítorí ó gbà pé ó yẹ kí ìfòfò ènìyàn ńlá pọ̀ ju ti mẹ̀kúnnù lọ. Ó ti fi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta para láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Ó ti dà bí àgùntàn. Ó na ọwọ́ sí ẹ̀rọ omi. Ẹ̀rọ wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó dákẹ́.

"Kí ló ṣẹlẹ̀ síbí?"

Ìyàwó rẹ̀ dáhùn láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. "Omi ò sí, Dádì."

"Má sọ bẹ́ẹ̀ nínú ilé mi! Omisinmi ni kó o wí!"

"Èyí tó bá wù kó jẹ́, kò sí nínú páìpù."

Ó gba fóònù láti ẹnu ilẹ̀kùn pẹ̀lú ọwọ́ tó ń yọ̀. Fóònù náà bọ́ lẹ́ẹ̀mejì kó tó wọlé.

"Akọ̀wé! Èmi ni! Omi ti dá mọ́ mi lórí! Ọṣẹ wà lójú mi!"

"Ẹ káàárọ̀, Ọ̀gá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ lo ọ̀rọ̀ inú Ìwé Ńlá."

"Ṣé o ò mọ ohùn mi ni?"

"Mo mọ̀ ọ́n, Ọ̀gá, ìdí ẹ̀ gan-an tí mi ò fi ní rú òfin yín nìyẹn. Ẹ̀yin lẹ sọ pé bí ìyá yín bá jáde láti inú sàréè tí wọ́n ń pariwo pé omi ò sí, mi ò gbọdọ̀ dá wọn lóhùn."

Ọ̀gá lọ eyín. Ọṣẹ wọ ibẹ̀. "Omisinmi! Mo ní omisinmi!"

"Ẹ ṣé, Ọ̀gá. A ti gbọ́. Ìwé wa ń bọ̀."

Ìwé náà sì wá. Bí mọ́tò Alága Ìgbìmọ̀ ṣe ń dúró níwájú ilé, bẹ́ẹ̀ ni alùpùpù ilé-iṣẹ́ omi ń dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Alága jẹ́ ìyá àgbàlagbà kan tí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ kò pọ̀. Ó rìn gba ojú omi tó máa ń fò sókè. Kò fò. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun kọ́kọ́ fọwọ́, eruku ọ̀nà pọ̀. Wọ́n ṣí ẹ̀rọ mẹ́rin, kò sí èyí tó sọ̀rọ̀. Ibẹ̀ ni Ọ̀gá ti yọ sí pálọ̀, tówẹ̀lì nídìí, ìfòfò lórí, ojú kan ṣoṣo ló là. Ibẹ̀ náà ni ìránṣẹ́ ti nà ró lẹ́nu ọ̀nà, tó ń ka ìwé sókè:

"'A bá yín yọ̀ fún omisinmi tó wọlé tọ̀ yín. Kí Ọlọ́run jẹ́ kó pẹ́ lọ́dọ̀ yín.'"

"Ta ló fọwọ́ sí i?" Alága béèrè.

"Ọ̀gá ni, Mà."

Alága ní kí wọ́n pe ẹni tó ń yí wíìlì. Awíìlì dé, ìwé rẹ̀ ní àyà bí ìwé-ẹ̀rí.

"Kí lo ṣe sí omi ilé yìí?"

"Ìsọ̀kalọ́lá ni, Mà. Ọ̀gá ló pàṣẹ ẹ̀. Mo ti omi tòkè, mo ṣí tìsàlẹ̀."

Alága yí sí Ọ̀gá. "Ṣé bó ṣe wí nìyẹn? Ẹ̀yin lẹ ní kí wọ́n ti omi ilé yín? Àbí ẹ fọwọ́ sí ohun tí kò yé yín?"

Ìfòfò kan ń já lẹ́tí Ọ̀gá, wọ́n ń gbọ́ ọ. Ó lè sọ òótọ́. Ó lè wí pé, "Kò yé mi, Mà," kí wọ́n sì dá omi rẹ̀ padà lójú ẹsẹ̀, kí iṣẹ́ Ìyá Alágbàfọ̀ sì gba ibẹ̀ lọ. Awíìlì ti mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n Ọ̀gá na àyà. Tówẹ̀lì fẹ́ já, ó dì í mú.

"Èmi? Kí ọ̀rọ̀ má yé èmi? Mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni, Mà! Ìsọ̀kalọ́lá ni pé kí ọlá... kí ọlá ènìyàn ńlá sọ̀ kalẹ̀ bá tálákà! Oṣù mẹ́fà ni mo fi rò ó!"

"Ó dára bẹ́ẹ̀," Alága wí. "Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé kó wà títí láé, kí ẹnikẹ́ni má yí wíìlì yẹn padà."

Ẹ̀rín sọnù lójú Ọ̀gá. Ó ṣòro láti rí i nítorí ọṣẹ, ṣùgbọ́n ó sọnù.

Alága wá gba ọ́fíìsì lọ. Ó bá ìwé ìkíni títí dé àjà. Ó bá fáìlì ẹ̀sùn irinwó tí wọ́n ti pa dé, inú gbogbo wọn kò sí ju ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan lọ. Ó béèrè ìtumọ̀ wọn lọ́wọ́ Akọ̀wé Àgbà, Akọ̀wé Àgbà sì bú sẹ́kún láìsí ìlà pupa. Nígbà tó di ọ̀sán, ó pe Ọ̀gá lórí fóònù.

"Láti òní lọ, ẹ ò sí nílé-iṣẹ́ omi mọ́."

"Ṣé... ṣé mo ń sinmi ni, Mà?"

"Rárá. Mo lé yín ni."

Ní àdúgbò ìsàlẹ̀, Ìyá Alágbàfọ̀ ti kó ọwọ́ méjèèjì bọ inú omi láti àárọ̀. Ìdajì aṣọ ti wà lórí okùn, ó ń fẹ́ lẹ́lẹ́. Àwọn ará àdúgbò tò sídìí ẹ̀rọ rẹ̀, aránbàtà wà láàárín wọn. Bí oòrùn ṣe ń rọ̀ ni wọ́n rí ọkùnrin kan tó ń sọ̀ kalẹ̀ láti òkè. Ó wọ aṣọ, ṣùgbọ́n ọṣẹ ti gbẹ mọ́ ọn lára, ó ń họ ara bí ajá, irun rẹ̀ dúró gàn-ùn gàn-ùn. Ó fẹ́ kọjá sí iwájú. Wọ́n nawọ́ ẹ̀yìn hàn án. Ó tò.

Nígbà tó kàn án, Ìyá Alágbàfọ̀ mọ̀ ọ́n. Kò fi hàn.

"Kí lẹ fẹ́, sà?"

Ọ̀gá la ẹnu. Ó wo ilẹ̀, ó họ ọrùn, ó họ ìdí. Ó gbìyànjú ọ̀rọ̀ kan, ó gbé e mì.

"Omi," ló wí níkẹyìn. "Ẹ jọ̀ọ́, Màmá, ẹ bá mi wá omi. Ara ń yún mi."

Ìyá Alágbàfọ̀ pọn korobá kan kún, ó sì dà á lé e lórí pẹ̀lú ọwọ́ ara rẹ̀. Ọṣẹ ṣàn lọ. Ọ̀gá mí kanlẹ̀, ó nu ojú, ó wo gbogbo àwọn tó tò lọ bẹẹrẹ, ó wo aṣọ funfun lórí okùn. Nǹkan kan tàn lójú rẹ̀. Ó na ìka sókè.

"Ẹ̀yin ènìyàn mi," ló bẹ̀rẹ̀, "èyí tí ẹ rí yìí, mo lè pè é ní ìwẹ̀..."

Aránbàtà kò jẹ́ kó parí rẹ̀. Ó da korobá tirẹ̀ lé e lórí, ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀ náà sì gbé tirẹ̀ sókè. Ìyá Alágbàfọ̀ ti padà sídìí aṣọ rẹ̀ ní tirẹ̀. Aṣọ ogún ibùsùn ló kù, ọ̀la sì ni ọjọ́ Ẹtì.